Mo Ní Kó Máa Bọ̀ Kí Èso Tó Gbó

Peckham, London
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2024

Rahmah ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun wà pẹ̀lú rẹ níbi tí o wà, ibi tí mi ò lè fọkàn yàwòrán rẹ̀ bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Ìyá rẹ kí ọ. Dáúdà àbúrò rẹ kí ọ láti Sydenham. Ara wa le, àfi orúnkún mi, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń gòkè nígbàkígbà tí mo bá wo ìròyìn.

O ní fóònù kò ṣiṣẹ́ nínú igbó tí ẹ pàgọ́ sí, pé ìwé nìkan ni ọkọ̀ òfurufú kékeré ń kó wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì, àti pé orúkọ Bethany ọ̀gá rẹ ni kí n máa kọ sójú àpò ìwé. Mo ti kọ ọ́ gàgàrà, mo sì ní kí obìnrin tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Wọ́n fi iná Kánádà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lánàá. Igi ń jó bí ìṣáná inú páálí. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé ibẹ̀ kọ́ ni Rahmah wà? Ó ní Kánádà tóbi ju Peckham lọ, ó sì ń bá ẹ̀wà tó ń ṣà lọ. Obìnrin yìí kò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bani.

Ohun tí kò yé mi ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. O kàwé dé ibi gíga, o wá lọ ń wo ibi tí igbó ti jó bóyá yóò tún hù. Ní Ìgbòho tí a bí ọ sí, ọdọọdún la máa ń sun igbó nígbà ọyẹ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, gbogbo ilẹ̀ á ti tutù yọ̀yọ̀. Igi irúgbá àti igi òrí tí bàbá bàbá mi bá níbẹ̀ ṣì ń so. Iná kì í pa ilẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ín, yóò tún hù.

Fèsì kíákíá. Bí o bá pẹ́, èmi ló ń dùn.

Bàbá rẹ,
Sàká


Inú àgọ́, àríwá Kánádà
Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìwé yín dé lánàá. Bethany ní ẹni tó kọ orúkọ òun gàgàrà tó bẹ́ẹ̀ sára àpò ìwé gbọ́dọ̀ fẹ́ràn mi gan-an. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀ jù ni.

Ẹ má bínú, Bàbá, iná ibí kì í ṣe iná Ìgbòho. Àwọn igi tiwa ti mọ iná ọdọọdún lára. Èèpo wọn nípọn, gbòǹgbò wọn á sì tún rú. Igi ibí, tí wọ́n ń pè ní sípúrúùsì, ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, èso rẹ̀ ní ìpẹ́ bí ẹja. Bó bá ti jó, ó kú nìyẹn. Èso nìkan ló fi ń padà wá. Láyé àtijọ́, iná lè má dé ibì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn igi á ti dàgbà, wọ́n á ti so, èso tó bá sì wá láti ara àwọn tó ṣẹ́kù á bọ́ sórí eérú, á hù.

Ní báyìí ìgbà ẹ̀rùn ti gùn sí i, ó sì gbóná sí i. Níbi tí mo wà yìí, iná jó o, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá ó tún padà wá. Àwọn ọmọ igi tó hù lẹ́yìn iná àkọ́kọ́ ò tíì ga tó mi. Wọn ò tíì so rí láyé wọn. Iná kejì jó gbogbo wọn, ó sì jó ilẹ̀ pàápàá, nítorí ilẹ̀ ibí dà bí kànìnkànìn gbígbẹ, ìràwé àìmọye ọdún ló kóra jọ síbẹ̀. Iná náà lè sùn sínú rẹ̀ lábẹ́ yìnyín, kó tún jí lọ́dún kejì. Mo rìn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Koríko ni mo rí, àti igi eléwé pẹlẹbẹ níbì kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbọ́ ẹyẹ kankan.

Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ilẹ̀ kan yọ wọ inú adágún omi bí ahọ́n, Ahọ́n náà ni mo sì ń pè é. Iná méjèèjì fò ó. Sípúrúùsì bí irinwó ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn arúgbó, kò sì sí òmíràn títí dé ọgọ́rin kìlómítà. Wọ́n so lọ́dún yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje. Èso á gbó ní nǹkan bí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì péré la ní kí afẹ́fẹ́ tó fọ́n ọn dà sórí omi. Bá a bá rí i kó, a lè gbìn ín sí gbogbo ibi tó jó. Bá ò bá rí i kó, kò sí ohun tá a fẹ́ gbìn.

Orí téńté ni èso wà. Èmi àti Levi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan la ní ìwé àṣẹ láti fi okùn gun igi níbí, ọrùn ọwọ́ Levi sì ti kán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà èmi ni. Ẹ fi àdúà tì mí lẹ́yìn. Ẹ bá mi kí Màámi, kúlíkúlí wọn ti tán.

Ọmọ yín,
Rahmah


Peckham
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje

Rahmah,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn tí mo fi ń kí ọ. Mo ka ìwé rẹ dé ibi tí o ti ní wàá gun igi, mo sì tún padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi Làtíìfù kú ní kékeré. O ò mọ bó ṣe kú. Ó gun igi irúgbá láti ká èso tí ìyá wa fẹ́ fi ṣe irú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń tọ́ka sí ẹ̀ka tí èso pọ̀ sí jù. Ẹ̀ka tí mo tọ́ka sí kẹ́yìn ló ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹnikẹ́ni lórí àkàbà, kódà ẹni tó ń pààrọ̀ gílóòbù, mo máa ń yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìwọ wá ní okùn ni wàá fi gun igi tó ga ju ilé wa lọ, nínú igbó tí iná ń sùn sí lábẹ́ ilẹ̀. Iná tó ń sùn! Ta ló ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Bí o bá wà lórí igi nígbà tó bá jí ńkọ́?

Jẹ́ kí ọwọ́ Levi jinná. Jẹ́ kí wọ́n háyà ẹlòmíràn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ọ́, o ò lọ́kọ, o ò bímọ, orí igi lo wá ń lọ.

Koríko orí pápá Peckham Rye ti gbẹ pọ́nkan. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń yan adìyẹ níbẹ̀ lánàá, mo lọ bá wọn pé kí wọ́n pa iná náà. Wọ́n ní, "Uncle, ẹ rọra," wọ́n sì bù mí lẹ́sẹ̀ adìyẹ kan. Mi ò jẹ ẹ́. Ìyá rẹ ló jẹ ẹ́.

Mo bẹ̀ ọ́.

Sàká


Peckham
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Rahmah ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mi ò gbọ́ "ẹ ṣé." Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, kò sí èsì. Mo pe nọ́ńbà ọ́fíìsì yín, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Dáúdà ní ìwé mi lè ṣì wà lọ́nà. Ìyá rẹ ní kí n lọ jókòó ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi, kí n yé rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Mo ti kọ̀wé sí Bethany. Má bínú. Bí ọ̀rọ̀ bá le, bàbá a máa lọ bá ọ̀gá ọmọ rẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mò ń fọ ọkọ̀ ojú irin ní Deptford, ìyá mi ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ọ̀gá mi láti Ìgbòho, pé kó má jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Ọ̀gá náà fi ìwé ọ̀hún kọ́ ara ògiri, gbogbo wọn ń kà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé mi lọ sínú ọ́fíìsì.

Mi ò ní sọ ohun tí mo kọ fún Bethany fún ọ. Bó bá yá, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ,
Sàká


Inú àgọ́
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kí yín. Màámi ló ní kí n kọ̀wé yìí, kí ọ̀rọ̀ náà má baà kú sí mi nínú.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá, mo wà lórí igi kẹrin. À ń dán èso wò ni, kò tíì gbó. Bethany fúnra rẹ̀ ló bá ọkọ̀ òfurufú wá. Ó dúró nísàlẹ̀, ó pè mí, ó sì dúró títí mo fi tú okùn tán kó tó sọ pé bàbá mi kọ̀wé, pé ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pé àwọn dókítà ní kí a pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ẹ ní kí òun má jẹ́ kí n mọ bó ṣe le tó.

A dé ìlú, mo pè yín. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Mo bi yín pé kí ló ṣe Màámi. Ẹ ní, "Máa bọ̀ nílé." Mo tún bi yín. Ẹ ní, "Ṣáà máa bọ̀, Rahmah."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Máa bọ̀ nílé ni a máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí fún ẹ̀yin náà nígbà tí Ìyá Ìgbòho kú. Nítorí náà mi ò pe Màámi, mi ò pe Dáúdà. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ láàárín àwọn àjèjì. Ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ni mo wọ̀. Mo ka Yáásìn títí ohùn mi fi há. Mo mọ̀ pé a kì í tọ́jú òkú pẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ti sin wọ́n. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni bóyá ẹ ti kó aṣọ wọn fún ènìyàn, tàbí ẹ ṣẹ́ ọ̀kan kù dè mí.

Màámi ló ṣílẹ̀kùn. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn, iṣu ni wọ́n ń bẹ. Wọ́n wo aṣọ dúdú tí mo wọ̀, wọ́n ní, "Rahmah? Ta ló kú?"

Ẹ̀yin wá yọ lẹ́yìn wọn, ẹ ní ṣé mo ti jẹun.

Mi ò bú yín lọ́jọ́ náà, mi ò sì ní bú yín báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan. Bethany wá agungi tó níwèé àṣẹ káàkiri, kò rí. Gbogbo wọn wà níbi tí iná mìíràn wà. Mi ò rí àyè nínú ọkọ̀ padà títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni iná dé Ahọ́n. Afẹ́fẹ́ gbé e fo omi. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni hẹlikópútà ti wá kó gbogbo àgọ́, kò sẹ́ni tí irun orí rẹ̀ jó. Èmi náà ì bá wà nínú hẹlikópútà yẹn, Bàbá, pẹ̀lú àwọn àpò èso, nítorí pé a ti ṣètò láti parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejìlélógún.

Igi irinwó. Kò ku ọ̀kan. Èso igi mẹ́rin tí mo ká sílẹ̀ ṣì wà nínú àpò. Mo fi ọ̀bẹ la wọn. Omi funfun ló wà nínú wọn. Kò sí èyí tó lè hù.

Rahmah


Peckham
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí ọ. Mo kàn wólẹ̀ ni.

Ìyá rẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi "oúnjẹ rèé." Ó ní mo pe òun ní òkú kí òun tó kú. Dáúdà wá láti Sydenham, ó jókòó síwájú mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?" Mo ní mo mọ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti lọ bá ìmáàmù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kí n sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ti Ọlọ́hun ló rọrùn.

Nígbà tí mò ń kọ ìwé yẹn sí Bethany, ẹ̀ka igi nìkan ni mò ń rí. Mo rò pé igi ni igi. Mo rò pé tí èyí bá jó, òmíràn á hù, bó ṣe ń hù ní ilé wa. Nígbà tí o pè mí, mo fẹ́ sọ òtítọ́, ẹnu mi ò gbà á. Mo mọ ohun tí wàá rò bí mo bá ní kí o máa bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́ kí o rò ó, torí pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí o wá.

Mi ò lè purọ́ kejì fún ọ: inú mi dùn pé o ò ṣubú. Bí mo bá jí láàárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń dúpẹ́ fún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí ìyókù.

Ṣé kò sí ibi tí a ti lè rí irúgbìn náà ní Kánádà tó tóbi tó yẹn? Ó dájú pé igi kan á ti so níbì kan.

Sàká


Peckham
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Rahmah,

Ara ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Mi ò retí èsì, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí ìwé.

Mo lọ sí ilé ìkàwé ní Peckham. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Olúwakẹ́mi, bá mi wá ìwé nípa sípúrúùsì lórí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní, "Grandpa, ẹ fẹ́ dá oko igi sílẹ̀ ni?" Mo ní rárá, mo ba oko igi kan jẹ́ ni. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Mo ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú díṣọ́nárì. Wọ́n ní igi náà lè tó ọgbọ̀n ọdún kó tó so dáadáa. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Mo ṣírò rẹ̀, mo sì pa ìwé náà dé. Kì í ṣe torí tèmi. Torí tìrẹ ni. Ìwọ gan-an á ti darúgbó.

Ìyá rẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í dárúkọ rẹ níwájú mi.

Sàká


Inú ìlú, àríwá Kánádà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2025

Bàbá,

Ẹ kú òtútù. Àwọn ìwé yín dé.

Irúgbìn wà níbòmíràn. Wọ́n ti gbin ti apá gúúsù síbí rí. Ó hù, yìnyín pa á. Àwọn igi orí Ahọ́n ti bá òtútù ibẹ̀ jà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ìmọ̀ yẹn sì wà nínú èso wọn. Kò sí níbòmíràn. Bethany ti kọ̀wé sí gbogbo ibi tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí. Kò sẹ́ni tó kó ti Ahọ́n rí. Àwa la fẹ́ kọ́kọ́ kó o.

Mo dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Yìnyín bò ó dé itan mi, síbẹ̀ èéfín ń yọ láti abẹ́ rẹ̀ níbi méjì. Iná náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ ilẹ̀. Mo dúró tì í títí ọwọ́ mi fi kú.

Mo ti gba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sí i. Mi ò ní wá sílé lọ́dún yìí. Inú kọ́ ló ń bí mi. Ohun tó ń ṣe mí ni pé bí ẹnikẹ́ni láti ilé bá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ara ẹnì kan ò yá, mi ò ní mọ bóyá kí n dìde tàbí kí n jókòó. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ bá a ṣe lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ lè máa kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi mọ́ láé pé kí n máa bọ̀.

Rahmah


Peckham
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Rahmah,

Mo kí ọ. Mo ti pa òfin tí o fún mi mọ́.

Mi ò ní bi ọ́ bóyá o ń jẹun, mi ò sì ní bi ọ́ nípa okùn àti gígun igi. Ó nira fún mi. Ìwé márùn-ún ni mo ti ya kí n tó kọ èyí.

Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Èmi ni mo fà á, ó sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Yìnyín á ti yọ́ báyìí. Kí ló hù lórí Ahọ́n?

Sàká


Inú àgọ́
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ béèrè, mo sì lọ kà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Mo fi okùn pín ilẹ̀ náà sí ogójì ọ̀nà, mo sì kúnlẹ̀ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n má baà fo ohun tó kéré.

Koríko wà ní gbogbo ogójì. Òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò kan tó máa ń tẹ̀lé iná wà ní ọgbọ̀n. Ọmọ igi eléwé pẹlẹbẹ jẹ́ mọ́kànlélógún, afẹ́fẹ́ ló gbé èso wọn wá láti òdìkejì omi. Ní ibi mẹ́fà, kò sí ohunkóhun rárá, òkúta ni mo bá, torí iná ti jẹ ilẹ̀ tán lórí rẹ̀.

Sípúrúùsì: kò sí.

Mo tún padà kà á lọ́jọ́ karùn-ún, torí yín. Kò sí.

Rahmah